Bank (ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì)

"Bank" jẹ́ ọ̀rọ̀ kan nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ó ní ìtumọ̀ púpọ̀. Èyí tí ó gbajúmọ̀ jù lọ nínú wọn ni ilé iṣẹ́ tí ó ń bá ènìyàn tọ́jú owó, tí ó sì ń yá ènìyàn lówó, èyí tí àwọn Yorùbá ń pè ní báńkì tàbí ilé ìfowópamọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe etí odò, òkìtì iyẹ̀pẹ̀, ibi tí òkun kò ti jìn, àti ọ̀wọ́ nǹkan tí a tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ó tún jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe.

Nínú ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, "bank" wà lára àwọn àpẹẹrẹ tí àwọn olùkọ́ máa ń lò láti ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ tí orírun wọn yàtọ̀ ṣe lè di bákan náà ní ìró àti ní àkọtọ́. Ó tún ṣe pàtàkì fún ẹni tí ó bá ń ṣe aáyan ògbufọ̀ láti Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá, nítorí pé ìtumọ̀ kan ṣoṣo ni èdè Yorùbá yá nínú gbogbo ìtumọ̀ tí ọ̀rọ̀ náà ní. Ẹni tí ó bá kọ "báńkì" sí gbogbo ibi tí ó ti rí "bank" yóò ṣi òǹkàwé lọ́nà.

Àwọn ìtumọ̀ rẹ̀ lóde òní

Gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀-orúkọ, àwọn ìtumọ̀ tí ó wọ́pọ̀ jù fún "bank" nìyí:

• Ilé ìfowópamọ́, ìyẹn báńkì.
• Bèbè tàbí etí odò, ilẹ̀ tí ó dagun lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi.
• Òkìtì iyẹ̀pẹ̀, yìnyín tàbí yanrìn. Ìkùukùu tí ó ṣú pọ̀ lójú kan náà ń jẹ́ "bank".
• Ibi tí ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun ti ga, tí omi kò fi jìn níbẹ̀. Grand Banks tí ó wà lẹ́bàá Newfoundland ní Kánádà, àti Dogger Bank tí ó wà nínú Òkun Àríwá láàárín Gẹ̀ẹ́sì àti Dẹ́nmákì, jẹ́ irú ibi bẹ́ẹ̀. Láti ayébáyé ni àwọn apẹja ti mọ àwọn ibi méjèèjì sí ibi tí ẹja pọ̀ sí.
• Ọ̀wọ́ nǹkan tí a tò lẹ́sẹẹsẹ, bíi ọ̀wọ́ iná, ọ̀wọ́ ẹ̀rọ tàbí ọ̀wọ́ bọ́tìnnì.
• Ibi ìpamọ́ ohun tí a lè nílò lẹ́yìn ọ̀la, bíi ẹ̀jẹ̀, irúgbìn tàbí ìsọfúnni.
• Nínú tẹ́tẹ́, owó tí ó wà lọ́wọ́ ẹni tí ó ń darí eré náà.

Gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀-ìṣe, ó lè túmọ̀ sí kí ènìyàn fi owó pamọ́ sí báńkì, kí ọkọ̀ òfurufú tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tí ó bá fẹ́ yípo, tàbí kí a fi eérú bo iná mọ́lẹ̀ kí ó má baà tètè jó tán. Bí a bá fi "on" tẹ̀ lé e, ó di kí a gbójú lé ènìyàn tàbí nǹkan.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wọ inú èdè Gẹ̀ẹ́sì

Ọ̀nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni "bank" gbà wọ inú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìgbà tí ó sì wọlé ní ọ̀nà kọ̀ọ̀kan kò dọ́gba. Ìdí nìyí tí àwọn ìwé atúmọ̀-èdè ńlá, irú Oxford English Dictionary, kò fi kó gbogbo ìtumọ̀ rẹ̀ sábẹ́ orí kan. Wọ́n pín in sí orí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ púpọ̀ ni, tí wọ́n kàn ń jẹ́ orúkọ kan náà.

Bèbè odò

Ìtumọ̀ yìí jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó pẹ́ jù. Ó ti wà nínú àkọsílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti nǹkan bí ọdún 1200. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Skandinéfíà ni ó ti wá. Láti òpin ọ̀rúndún kẹjọ ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí ti ń fi ọkọ̀ ojú omi ṣígun wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí ó sì di ọ̀rúndún kẹsàn-án, púpọ̀ nínú wọn ti tẹ̀dó sí àríwá àti ìlà-oòrùn ilẹ̀ náà. Wọ́n fẹ́ ìyàwó níbẹ̀, wọ́n dáko, èdè wọn sì dà pọ̀ mọ́ ti àwọn onílé. Báyìí ni àwọn ọ̀rọ̀ tí kò sí ẹni tí ó tún rò pé wọ́n jẹ́ àyálò mọ́ ṣe wọ inú èdè Gẹ̀ẹ́sì: "egg" tí í ṣe ẹyin, "sky" tí í ṣe ojú ọ̀run, àti "window" tí í ṣe fèrèsé. Ara wọn ni "bank" tí í ṣe bèbè odò wà.

Láti ara bèbè odò ni òkìtì iyẹ̀pẹ̀ àti ilẹ̀ gíga inú òkun ti jẹ yọ. Ibẹ̀ náà ni ìtumọ̀ ti ọkọ̀ òfurufú ti wá, nítorí pé ọkọ̀ tí ó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan dà bí ilẹ̀ tí ó dagun. Ìtumọ̀ kí a fi eérú bo iná kò yàtọ̀: ẹni tí ó wa eérú jọ sórí iná ń mọ òkìtì kékeré kan.

Ìjókòó àwọn atukọ̀

Lẹ́yìn tí àwọn Nọ́máǹdì láti ilẹ̀ Faransé ṣẹ́gun Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1066, ọ̀rọ̀ Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú èdè náà lọ́pọ̀ yanturu. Ọ̀kan nínú wọn ni "banc", tí ó túmọ̀ sí àga gígùn tí ju ènìyàn kan lọ lè jókòó sí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó di ìjókòó tí àwọn tí ń fi àjẹ̀ tukọ̀ máa ń jókòó sí. Nígbà tí ó yá, wọn kò pe ìjókòó nìkan ní "bank" mọ́. Ọ̀wọ́ àjẹ̀ tí ó wà ní ìpele kan náà nínú ọkọ̀ ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Lónìí, àwọn tí ń fi àjẹ̀ tu irú ọkọ̀ ńlá bẹ́ẹ̀ ti tán, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ náà kù. Bí a bá gbọ́ pé ẹnì kan jókòó síwájú "bank" ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà, ọ̀wọ́ àjẹ̀ àtijọ́ ni baba ńlá ọ̀rọ̀ náà, kì í ṣe ilé owó.

Tábìlì àwọn tí ń pààrọ̀ owó

Ìtumọ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ jù lọ ni ó dé gbẹ̀yìn. Ní àwọn ìlú ọlọ́jà ilẹ̀ Ítálì, irú Florence, Genoa àti Siena, àwọn tí ń pààrọ̀ owó máa ń jókòó ti tábìlì tàbí pẹpẹ kan níta gbangba. "Banco" tàbí "banca" ni wọ́n ń pe pẹpẹ náà. Gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń fi orúkọ ohun tí a rí pe ohun tí a ń ṣe nídìí rẹ̀, orúkọ pẹpẹ di orúkọ iṣẹ́, orúkọ iṣẹ́ sì di orúkọ ilé. Ní ọdún 1397 ni ìdílé Medici dá ilé owó tiwọn sílẹ̀ ní Florence. Ní 1472 ni wọ́n dá Monte dei Paschi sílẹ̀ ní Siena, ó sì ń ṣiṣẹ́ títí di òní.

Àwọn oníṣòwò Ítálì gbé iṣẹ́ náà lọ sí àwọn ìlú mìíràn ní Yúróòpù, títí kan Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí wọ́n ti sọ òpópónà kan ní Lombard Street nítorí àwọn tí ó wá láti Lombardy ní àríwá Ítálì. Ní òpin ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, Gẹ̀ẹ́sì ti gba ọ̀rọ̀ náà láti inú èdè Ítálì àti Faransé. Nígbà tí wọ́n fi máa dá Bank of England sílẹ̀ ní 1694, kò sí ẹni tí ó tún ń ronú nípa tábìlì mọ́.

Orírun kan náà

Ìwé ẹ̀kọ́ mìíràn máa ń sọ pé "bank" ti odò àti "bank" ti owó kò bá ara wọn tan rárá. Bí a bá dúró sínú èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan, òtítọ́ ni, nítorí pé ẹnu ọ̀nà ọ̀tọ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà wọlé. Bí a bá tọ̀ wọ́n lọ sẹ́yìn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ náà yí padà.

Faransé kò ṣẹ̀dá "banc", Ítálì náà kò sì ṣẹ̀dá "banca". Ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀yà tí ń sọ àwọn èdè Jẹ́máníìkì, tí í ṣe ìdílé èdè tí Jámánì, Gẹ̀ẹ́sì, Dọ́ọ̀ṣì àti àwọn èdè Skandinéfíà wà nínú rẹ̀, ni àwọn méjèèjì ti yá a. Nínú ìdílé èdè yìí kan náà ni ọ̀rọ̀ Skandinéfíà fún bèbè odò ti wá. Nígbà tí àwọn onímọ̀ fi àwọn èdè wọ̀nyí wé ara wọn, wọ́n rí i pé ìpìlẹ̀ kan náà ni gbogbo wọn ní: ohun pẹrẹsẹ tí ó ga díẹ̀ ju ilẹ̀ lọ, bíi pẹpẹ. Bí igi gbọọrọ tí a gbé kalẹ̀ ṣe jẹ́ pẹpẹ tí ènìyàn ṣe, bẹ́ẹ̀ ni bèbè jẹ́ pẹpẹ tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ṣe sí ẹ̀gbẹ́ omi.

Ọmọ ìyá kẹrin tún wà, tí kò kúrò nílé rí. Òun ni "benc" nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, èyí tí ó di "bench" lónìí, ìyẹn àga gígùn. Nítorí náà, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ń gba "bank" láti òkèèrè lẹ́ẹ̀mẹta, ọmọ ilé kan ti wà nílẹ̀ tí ó jẹ́ ìbátan àwọn àlejò náà.

Àwọn èdè mìíràn kò ṣe é bí Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe é. Nínú èdè Jámánì, "Bank" ni àga gígùn, "Bank" náà ni ilé owó. Ìgbà tí wọ́n bá pọ̀ ju ẹyọ kan lọ ni a tó mọ ìyàtọ̀, nítorí pé "Bänke" ni àwọn àga, "Banken" sì ni àwọn ilé owó. Èdè Faransé pín wọn sí "banc" àti "banque", nítorí náà akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá tí ó ń lọ sí ilé ìwé ní Kétu tàbí Sábẹ̀ẹ́ ní ilẹ̀ Benin yóò kọ́ wọn bí ọ̀rọ̀ méjì. Nínú èdè Potogí ti Brasil àti èdè Sípéènì ti Kúbà, "banco" kan náà ni àga gígùn àti ilé owó títí di òní.

Àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mìíràn tí ó bá a tan

• "Bankrupt", ẹni tí gbèsè ti wọ̀ lọ́rùn tí kò lè san án mọ́. Láti inú ọ̀rọ̀ Ítálì tí ó túmọ̀ sí pẹpẹ tí ó fọ́ ni ó ti wá. Ìtàn tí ó gbajúmọ̀ ni pé wọ́n máa ń fọ́ pẹpẹ oníṣòwò owó tí ó bá ti jẹ gbèsè kọjá agbára rẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì ni ó yí ìparí ọ̀rọ̀ náà padà kí ó lè jọ ti èdè Látìnì.
• "Banquet", àsè ńlá. Láti ara àga kékeré tàbí tábìlì kékeré ni ó ti wá.
• "Mountebank", oníjìbìtì tí ń ta ayédèrú oògùn. Ìtumọ̀ rẹ̀ nínú èdè Ítálì ni ẹni tí ó gun orí àga, nítorí pé orí àga ni irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ máa ń dúró sí láàárín ọjà, kí gbogbo ènìyàn lè rí i, kí wọ́n sì gbọ́ ohùn rẹ̀.
• "Embankment", ògiri tàbí òkìtì tí a mọ sí etí odò kí omi má baà ya wọ ìlú. Ti bèbè odò ni èyí.

Bí ìtumọ̀ ṣe ń gbòòrò

Kì í ṣe gbogbo ìtumọ̀ "bank" ni ó ní orírun tirẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹ̀ka tí ó yọ láti ara ìtumọ̀ tí ó ti wà nílẹ̀. Ní ọdún 1937, dókítà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Bernard Fantus dá ibi ìpamọ́ ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn Cook County ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà, ó sì pè é ní "blood bank". Ohun tí ó ní lọ́kàn ni pé ẹ̀jẹ̀ dà bí owó: ẹnì kan yóò fi pamọ́, ẹlòmíràn tí ó nílò rẹ̀ yóò sì gbà á. Láti ibẹ̀ ni àfiwé náà ti tàn dé orí irúgbìn, ìsọfúnni, àti oúnjẹ tí a ń kó jọ fún àwọn aláìní.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ya nǹkan méjì yìí sọ́tọ̀. Àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ púpọ̀ tí ó ṣèèṣì bára mu ní ìró àti àkọtọ́, bí ènìyàn méjì tí ń jẹ́ Àjàyí láìsí pé wọ́n jẹ́ ọmọ bàbá kan. Èkejì ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ìtumọ̀ rẹ̀ ya ẹ̀ka. "Bank" ti odò àti ti owó jẹ́ ti àkọ́kọ́. "Bank" ti owó àti ti ẹ̀jẹ̀ jẹ́ ti èkejì.

A lè rí àwọn méjèèjì nínú èdè Yorùbá. "Kọ́" nínú "kọ́ ilé", "kọ́ ẹ̀kọ́" àti "kọ́ aṣọ sára ògiri" bára mu ní ìró àti ní ohùn, síbẹ̀ iṣẹ́ mẹ́ta tí kò jọra ni wọ́n ń tọ́ka sí. "Etí" ní tirẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ kan tí ó ya ẹ̀ka: láti ara etí ènìyàn ni a ti rí etí aṣọ, etí àwo àti etí odò. Ṣùgbọ́n ohùn ń ran Yorùbá lọ́wọ́. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ yàtọ̀ síra kedere lẹ́nu. Ìgbà tí a bá kọ wọ́n láìfi àmì sí i ni wọ́n tó di pọ́n-na, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí ó lè ní ju ìtumọ̀ kan lọ. Gẹ̀ẹ́sì kò ní ohùn tí ó lè fi ya "bank" kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì.

"Bank" àti èdè Yorùbá

Kí ọ̀rọ̀ náà tó dé ilẹ̀ Yorùbá, àwọn ènìyàn ti ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tọ́jú owó. Wọ́n ń dá àjọ, wọ́n ń dá èésú, wọ́n sì ń ju owó sínú kóló. Ní 1894 ni wọ́n dá Bank of British West Africa sílẹ̀, èyí tí ó ṣiṣẹ́ ní Èkó, tí ó sì padà di First Bank. Ní 1933 ni àwọn ọmọ Nàìjíríà kan dá National Bank of Nigeria sílẹ̀. Báńkì àgbà fún orílẹ̀-èdè Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1959. Ọ̀rọ̀ náà bá ilé owó dé, ìtumọ̀ ilé owó nìkan ni ó sì bá wá. Yorùbá ti ní bèbè, etí àti ẹ̀bá fún ilẹ̀ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi, kò sì sí ìdí láti yá òmíràn.

Ìró ọ̀rọ̀ náà yí padà kí ó lè bá ti Yorùbá mu. Kọ́ńsónáǹtì kì í parí ọ̀rọ̀ Yorùbá, nítorí náà a fi fáwẹ̀lì "ì" kún un. Ìró aránmúpè àárín rẹ̀ di sílébù tí ó dá dúró. Ó sì di bá-ń-kì, sílébù mẹ́ta. "Bench" náà gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ di bẹ́ńṣì. Èyí já sí pé Yorùbá yá ìbátan méjì láìmọ̀: ẹni tí ó jókòó sórí bẹ́ńṣì nínú báńkì ń fi ọ̀rọ̀ méjì tí ó ti inú ìpìlẹ̀ kan wá ṣàpèjúwe ibi tí ó wà.

Ibi tí aáyan ògbufọ̀ ti le

Gbólóhùn bíi "She sat on the bank" jẹ́ pọ́n-na. Ọ̀rọ̀ tí ó yí i ká ni yóò sọ ìtumọ̀ rẹ̀. Bí a bá ti mẹ́nu kan omi tàbí ẹja, "Ó jókòó sí etí odò" ni ìtumọ̀ tí ó yẹ. Díẹ̀ nínú àwọn ibi tí ó yẹ kí ògbufọ̀ ti ṣọ́ra nìyí:

• "West Bank" jẹ́ ilẹ̀ àwọn ará Palẹsitínì tí ó wà ní ìwọ̀-oòrùn Odò Jọ́dánì. Bèbè Ìwọ̀-Oòrùn ni, kì í ṣe báńkì kankan.
• "Bank holiday" ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ti ilé owó lóòótọ́, nítorí pé òfin ọdún 1871 ni ó yan ọjọ́ tí àwọn báńkì yóò tì. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ìsinmi gbogbo òṣìṣẹ́ ni ó jẹ́ báyìí, "ọjọ́ ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́" sì yé ènìyàn ju "ìsinmi báńkì" lọ.
• "Food bank" jẹ́ ibi tí aláìní ti ń gba oúnjẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Kò sí pé ó kọ́kọ́ fi oúnjẹ pamọ́ síbẹ̀.
• "Piggy bank" ni kóló. Kò sí ìdí láti mẹ́nu kan ẹlẹ́dẹ̀.

Ìlú Lọ́ńdọ̀nù fi ìyàtọ̀ yìí hàn lójú ilẹ̀. Ibùdókọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ tí ń jẹ́ Bank, tí wọ́n ṣí ní 1900, gba orúkọ rẹ̀ lára Bank of England. Ní òdìkejì odò Thames ni àdúgbò Bankside wà, ó sì gba orúkọ tirẹ̀ lára bèbè odò náà. Wọn kò jìnnà tó kìlómítà méjì síra. Abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Southwark ni Bankside wà, ibẹ̀ náà sì ni Peckham tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé wà.

Kọ̀ǹpútà àti ìtumọ̀ ọ̀rọ̀

Ohun tí ó ń dààmú akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń dààmú ẹ̀rọ pẹ̀lú. Ní 1957, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, J. R. Firth, ṣàlàyé pé àwọn ọ̀rọ̀ tí ó wà nítòsí ọ̀rọ̀ kan ni a fi ń mọ irú ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́. Orí èrò yìí ni púpọ̀ nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ èdè dúró lé. Síbẹ̀, word2vec tí àwọn òṣìṣẹ́ Google gbé jáde ní 2013 fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní òǹkà kan ṣoṣo tí ó dúró fún un, nítorí náà odò àti owó pàdé nínú òǹkà "bank". BERT, tí Google náà gbé jáde ní 2018, ń wo gbogbo gbólóhùn kí ó tó fún ọ̀rọ̀ ní òǹkà, èyí sì mú kí ó lè ya méjèèjì sọ́tọ̀.

Láti oṣù Kejìlá 2013 ni Yorùbá ti wà lára àwọn èdè tí Google Translate ń túmọ̀. Ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń kọ́ èdè láti inú ohun tí àwọn ènìyàn ti kọ. Bí a bá kọ "etí odò" sí ibi tí ó yẹ, tí a sì fi àmì ohùn sí i, ẹ̀rọ náà yóò rí ohun tí ó tọ̀nà kọ́. Bí a bá sì kọ "báńkì odò", òun náà ni yóò kọ́.

Ẹ tún wo

• Báńkì
• Ọ̀rọ̀ àyálò nínú èdè Yorùbá
• Aáyan ògbufọ̀
• Àwọn èdè Jẹ́máníìkì